Gògóńgò Ajùkò

Ẹ̀rín tí wọ́n rín nínú họ́ọ̀lù yẹn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Ọkùnrin kan tó jókòó ní ìlà iwájú bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu omijé. Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ń lu àga tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ọmọbìnrin tó mú wọn rẹ́rìn-ín dúró lórí ìtàgé, ó di máìkì mú, kò rẹ́rìn-ín rárá. Adẹ́rìn-ín-pòṣónú ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ti gé orúkọ iṣẹ́ náà kúrú mọ́ ọn lára, Pòṣónú ni wọ́n ń pè é. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń dúró níwájú àwọn tó ká apá mọ́ àyà tí wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo òjò. Kò rí irú èyí rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe bésíbọ́ọ̀lù lókè òkun," bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Kì í gbá a o. Òun ló ń jù ú. Ẹnì kan á gbé igi dání, ẹ̀gbọ́n mi á ju bọ́ọ̀lù, onígi á fẹ́ gbá a dànù. Iṣẹ́ nìyẹn! Nígbà tá a wà ní kékeré, ó ju òkò, ó fọ́ fèrèsé ará ilé kejì. Ẹgba méjìlá ni wọ́n nà án. Ó wá dé òkè òkun, ó ju òkò yẹn náà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rọlẹ̀, kó tó tún gbé e.

"Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò mọ irọ́ pa. Bó bá ti fẹ́ purọ́, gògóńgò rẹ̀ á kọ́kọ́ gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀, bí ẹ̀rọ agbénisókè tí kò mọ àjà tí wọ́n tẹ̀. Màámi á ní, 'Ta ló jẹ ṣúgà?' Ẹ̀gbọ́n mi á gbé itọ́ mì, gbì! Kó tó la ẹnu, wọ́n ti ń wá pàṣán. Mo wá ń wò ó lórí fóònù níbi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù rẹ̀. Oríṣi méjì ló ń jù. Ọ̀kan á sáré lọ tààrà. Òótọ́ nìyẹn, ọrùn rẹ̀ ò ní mì. Èkejì á máa bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọlúàbí, tó bá wá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ onígi, á wọ́, á yà bàrá. Irọ́ gbáà nìyẹn! Ó dáa, kó tó ju ìyẹn, ẹ sọ fún mi, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Gbì!" ni gbogbo họ́ọ̀lù dáhùn.

Ó na ọrùn rẹ̀ sókè, ó gbé itọ́ mì bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni ọkùnrin iwájú ti bọ́ gíláàsì rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, fóònù rẹ̀ kò sinmi. Oníhọ́ọ̀lù, ọkùnrin tó ni ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, ti gbé fídíò náà sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn ti wò ó. Kó tó bọ́jú tán, wọ́n ti di ẹgbẹ̀rún ogún. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ojú sì ń tì í díẹ̀. Gbì, gbì, gbì ni ọ̀pọ̀ kọ. Ẹnì kan ní òun ti sọ ọkọ òun ní Gbì láti àná.

Ó wá kan èyí tó gùn díẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ọkùnrin tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn aláṣọ pupa lọmọbìnrin yìí ń sọ? Mo ti lọ wo àwọn fídíò rẹ̀ àtijọ́. Mo ka bọ́ọ̀lù wíwọ́ mọ́kànlélógún. Nínú mọ́kàndínlógún, ó gbé itọ́ mì. Òótọ́ pọ́ńbélé lọmọ yìí ń sọ."

Lábẹ́ ìyẹn, ẹnì kan ti kọ nǹkan ní èdè tí Pòṣónú kò lè kà. Àwòrán ojú méjì tó là sílẹ̀ ló fi parí rẹ̀, ó sì fi orúkọ ẹgbẹ́ kan sí i. Orúkọ yẹn, Pòṣónú lè kà á. Ẹgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù sí ní Ọjọ́rú ni.

Ara rẹ̀ tutù wọ̀ọ̀. Ó da ojú fóònù bolẹ̀ lórí ibùsùn.

Ohun tí kò sí nínú àwàdà rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ajùkò láti kékeré, ti pè é ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kóòṣì pe òun sínú ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wò ọ́ gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá tún gbá ọ bí wọ́n ṣe gbá ọ lẹ́ẹ̀mẹta tó kọjá, kó o palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́, kó o máa lọlé." Ọdún márùn-ún tó ti lò lọ́hùn-ún, ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo rẹ̀ so rọ̀ mọ́. Ajùkò ní kó má sọ fún Màámi.

Ohun tó burú jù tún wà. Onígi tí kò mọ irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ á máa ṣọ́ra, á gbá a bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ kò ní ṣọ́ra kankan. Gbogbo agbára ara rẹ̀ ló máa fi gbá a, bọ́ọ̀lù líle bí òkúta yẹn sì lè padà wá tààrà sójú ẹni tó jù ú. Ìṣísẹ̀ bí ogún péré ló wà láàárín wọn. Ní ọdún tó kọjá, bọ́ọ̀lù padà wá bá ọ̀kan nínú ẹlẹgbẹ́ Ajùkò ní àgbọ̀n. Wáyà ni wọ́n fi di ẹnu ọkùnrin náà, oṣù méjì ló fi ń fa oúnjẹ mu.

Pòṣónú kò tíì jẹun tó fi jáde.

Ó bá Oníhọ́ọ̀lù nínú họ́ọ̀lù, tó ń to àga lé ara wọn, tí ìdì kọ́kọ́rọ́ ń lu itan rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ fídíò yẹn kúrò."

"Kí n yọ kí ni? Ìwọ, ṣé oorun ò tíì dá lójú ẹ ni? Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí láti gbọ̀ngàn ńlá. Ọjọ́ Ẹtì! Ẹgbẹ̀rún àga! Wọ́n ní kí ọmọ Gbì wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló máa jìyà ẹ̀, sà."

"Ìyà wo? Ṣé o bú u ni? O ní kò mọ irọ́ pa. Ìyìn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n tèmi tí mo ní, irọ́ tó ti pa fún mi nìkan á kún yàrá yìí, àwọn àga á wà níta."

Ó ṣàlàyé fún un. Ó sọ ti bọ́ọ̀lù tààrà àti bọ́ọ̀lù wíwọ́, ó sọ ti àgbọ̀n ọkùnrin ọjọ́sí. Oníhọ́ọ̀lù gbé àga ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní òun ti yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló yí fóònù náà sí i. Fídíò kan náà wà níbẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí wọn kò mọ̀ rí. Ẹnì kan ti fi orin sí i. Ẹlòmíì ti gbé ojú Ajùkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Pòṣónú, àwọn méjèèjì jọ ń gbé itọ́ mì.

"Tọwọ́ mi nìyẹn tó ti lọ," ó ní. "Tọwọ́ ayé ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pòṣónú dé ẹnu ọ̀nà, ó pè é padà. "Pòṣónú! Ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ó ti bọ́ sójú títì.

Nílé, ìyá wọn wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán, àwọn apá ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wà lórí tábìlì, gbogbo wọn dọ́gba, bí ọwọ́ tí kò ní èèyàn. Ẹnì kan ládùúgbò ti fi fídíò náà hàn án.

"Wá, ìwọ!" ó ké látìdí ẹ̀rọ. "Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ gògóńgò yẹn o! Kí àwọn tó ń ṣe gbì kiri mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Ta ló bí i? Ta ló fi ṣúgà pamọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́? Ṣé ó ń ṣe dáadáa níbẹ̀? Láti ìjẹta ni kò tíì pè mí."

"Ó ń ṣe dáadáa, Màámi."

Ìyá wọn wo ọrùn rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni fẹ́ wọn ẹ̀wù sí i, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Pòṣónú dúpẹ́ pé iṣẹ́ tí òun ń ṣe ti kọ́ òun láti má jẹ́ kí ojú òun tú àṣírí.

Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, ó pe Ajùkò. Oòrùn ti wà láàárín ọ̀run níbí, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ lójú fóònù, ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn tóóró kan, ó fi àpò yìnyín lé èjìká òsì tó fi ń ju bọ́ọ̀lù.

"Pòṣónú àbúrò mi! Ẹlẹ́nu dídùn! Ó dáa, sọ nǹkan kan kí n rẹ́rìn-ín, orí ń fọ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú Ajùkò dúró gbagidi lójú fóònù, Pòṣónú rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ." Ó gbé àpò yìnyín kúrò léjìká. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀..."

"Nídìí bọ́ọ̀lù ni mò ń bi ọ́."

"Láti ọdún tó kọjá."

"Láti ọdún tó kọjá." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "O mọ̀ ọ́n fún odindi ọdún kan, o ò sọ fún mi. Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lo sọ fún."

"Mi ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì! Mo rò pé ẹ̀rín lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi orí balẹ̀..."

Ajùkò ti pa fóònù.

Ó pè é padà lẹ́ẹ̀méje. Kò gbé e. Pòṣónú jókòó sórí síméńtì gbígbóná, ó gbá eékún mọ́ra. Gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ń kọjá lójú rẹ̀. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ti àpótí ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfuurufú, tó tẹ orí ba. Ó tún rí i tó dùbúlẹ̀ lórí koríko, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, tí ẹgbàágbèje èèyàn dìde dúró tí ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Níbi tó bá parí èrò rẹ̀ sí, ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́ nínú máìkì, tó ń béèrè pé kí ló máa kọ́kọ́ ṣe.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Ajùkò tó pè padà. Kò dá wà. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan jókòó tì í, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta ti wọ́. Ahánbọ́ọ̀lù ni, ẹni tó máa ń lóṣòó sẹ́yìn onígi láti hán bọ́ọ̀lù tí Ajùkò bá jù.

"Mo ti wo eré mi mẹ́ta tó kẹ́yìn," Ajùkò ní. "Òótọ́ lo sọ. Kò jọ pé ẹnu ẹ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn kan ti rí i ṣáájú. Ìdí tí wọ́n fi ń gbá mi nìyẹn." Ó gbé ìka sókè. "Má fi ìyẹn tu ara ẹ nínú o. Àwọn díẹ̀ ló mọ̀. Ní báyìí, gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ẹ ò lè fi ìbọ̀wọ́ bo ọrùn yín?"

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ó ń dí mi lójú, mi ò rí àmì tí ọ̀rẹ́ mi yìí ń fi ìka ṣe láti sọ èyí tí mo máa jù." Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Ìwọ lo mọ gògóńgò mi ju èmi tí mo gbé e kọ́rùn lọ. Tí o bá wà lórí ìtàgé, o kì í rẹ́rìn-ín. Báwo lo ṣe ń ṣe é? Ìyẹn ni kó o kọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta la ní."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wà nínú yàrá gígùn kan tí iná funfun ń tàn sí, tí wọ́n ta àwọ̀n yí ká. Ahánbọ́ọ̀lù gbé fóònù lé orí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Pòṣónú ni kó pe orúkọ bọ́ọ̀lù kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Wíwọ́," ó ní. Ó wọ́. "Tààrà." Ó lọ tààrà. "Wíwọ́. Wíwọ́. Tààrà. Wíwọ́."

Nínú mẹ́wàá, kò ṣi ọ̀kan ṣoṣo. Ahánbọ́ọ̀lù ṣí ìbòjú irin rẹ̀ sókè, ó sọ nǹkan kan ní èdè tirẹ̀.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní òun dúpẹ́ pé ìwọ kọ́ ni ìyàwó òun."

Pòṣónú rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí òun bá lè mọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lójú fóònù kékeré, kí ni ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ ogún máa mọ̀?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan wọ̀nyí rí, nítorí òun nìkan ló wá wọn rí níwájú dígí. "Ẹ lẹ ahọ́n yín mọ́ àjà ẹnu. Ẹ jẹ́ kí èémí jáde nímú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ tíì. Ẹ ronú nípa nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan kan. Bọ́tìnnì ẹ̀wù."

"Ẹ̀wù wo?"

"Èyíkéyìí."

"Ẹ̀wù mi ò ní bọ́tìnnì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀mí yín la ń sọ yìí o!"

"Ó dáa, ó dáa. Mo ti rí bọ́tìnnì."

"Ọ̀kan tún kù. Ẹ má rò pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Torí ẹ rò pé ẹ̀ ń tan ọkùnrin yẹn jẹ ni itọ́ ṣe ń wá. Iṣẹ́ lásán ni. Bọ́ọ̀lù ló ń wọ́, ẹ̀yin kọ́."

Ajùkò sún mọ́ fóònù. "Ìwọ ńkọ́, tó o bá wà lórí ìtàgé? Irọ́ lo ń pa ni?"

"Òótọ́ ni mò ń sọ," ó ní. "Òun náà ló kó wa sí wàhálà yìí."

Ní ọjọ́ Ajé, Pòṣónú ṣi mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Inú rẹ̀ ì bá dùn, àmọ́ ọ̀ràn mìíràn ti yọjú. Bí Ajùkò ṣe ń ṣọ́ ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ gbàgbé iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù kan gba orí ahánbọ́ọ̀lù kọjá, òmíràn balẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ajùkò sọ ìbọ̀wọ́ mọ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àwọ̀n.

"Ọwọ́ mi ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ó sàn kí wọ́n mọ ohun tí mo fẹ́ jù ju kí èmi fúnra mi má mọ̀ ọ́n."

"Ẹ tún un ṣe."

"Ó ti rẹ̀ mí, jàre."

"Ẹ tún un ṣe, ẹ̀gbọ́n mi. Mo bẹ̀ yín."

Ó tún un ṣe. Wọ́n ṣe é títí omi òógùn fi rin ẹ̀wù ahánbọ́ọ̀lù gbindin. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Pòṣónú gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó tẹjú mọ́ ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fi òwú wọ ojú abẹ́rẹ́. Ọrùn náà dákẹ́. Tààrà ni àbí wíwọ́? Kò mọ̀. Ó ń fojú inú sọ ọ́ lásán ni. Mẹ́rin péré ló gbà nínú mẹ́wàá. Ahánbọ́ọ̀lù jó kiri yàrá pẹ̀lú aṣọ nípọn tó fi bo àyà, Ajùkò ń pariwo, "Ó ti lọ! Àbúrò mi, ó ti lọ!"

"Ó ti lọ," Pòṣónú náà wí. Kò mọ ìdí tí inú rẹ̀ kò fi dùn tó bó ṣe yẹ.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa níbí ni eré náà ní Ọjọ́rú. Ìyá wọn kì í wo ọmọ rẹ̀ níbi tó bá ti ń ju bọ́ọ̀lù, ó ní àyà òun kò gbà á. Inú yàrá kejì ló máa ń wà, á máa ránṣọ, á máa fetí gbọ́ mímí ọmọbìnrin rẹ̀. Pòṣónú jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ti gé èékánná rẹ̀ jẹ tán láti àná.

Onígi àkọ́kọ́ dúró. Kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀. Kò wo ọwọ́ Ajùkò rárá. Ọrùn ló ń wò, ó ń wò ó bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Wọ́n ti mọ̀. Pòṣónú fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ajùkò jù ú, tààrà ni, onígi fi igi gbá afẹ́fẹ́. Ó ju wíwọ́, ọrùn rẹ̀ kò mì, onígi tún tàsé. Ẹni kìíní lọ, ẹni kejì lọ. Ní apá kejì nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n pín eré náà sí, ọkùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ nípọn bí òpó dé pẹ̀lú igi rẹ̀. Ajùkò ju bọ́ọ̀lù sí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò rí i lé kúrò. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó wo kóòṣì, ó wo ilẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti ju ìkeje.

Gògóńgò rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Rárá!" Pòṣónú kígbe, bọ́ọ̀lù kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Onígi náà rí i. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a. Ìró náà dún bí ìgbà tí pákó ńlá ṣẹ́ sí méjì, Ajùkò sì wà nílẹ̀, fìlà rẹ̀ fò lọ sọ́tọ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ nínú yàrá kejì.

"Kí ló dé?" ìyá wọn béèrè. "Kí lo rí?"

Àwọn èèyàn ń sáré lọ sídìí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látọ̀nà gbogbo. Wọ́n bò ó. Ẹ̀yìn àwọn èèyàn, bàtà, ìdajì ẹsẹ̀ kan tó nà sílẹ̀, ìyẹn nìkan ló rí. Ó ń wo ẹsẹ̀ yẹn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mì.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ní kí lo rí!"

Ẹsẹ̀ náà ká kò. Àwọn èèyàn yà díẹ̀. Ajùkò jókòó, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ó wo ìka rẹ̀, ó tún kàn án. Bọ́ọ̀lù náà ti ha awọ ara rẹ̀ lábẹ́ etí, ó sì kọjá. Ká ní ó tẹ̀ sọ́tùn-ún ní ìwọ̀n ìka méjì sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

"Ó ṣubú ni, Màámi. Ó ti dìde."

Kóòṣì ti dé iwájú rẹ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, Ajùkò ń mi orí pé rárá. Kóòṣì wò ó, ó wo àga àwọn tó ń dúró de àyè, ó tún wò ó. Pòṣónú kò mọ èyí tí òun ń gbàdúrà fún, kí wọ́n mú un kúrò kí orí rẹ̀ pé, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ má bọ́. Kóòṣì yí padà, ó ń lọ. Ó ti fi í sílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn lọ, ọrùn Ajùkò kò tún mì mọ́. Onígi kan lẹ́yìn òmíràn ń dé, wọ́n ń wo ọrùn náà títí ojú wọn fi ń pọ́n. Ọ̀kan bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yíjú sí àwọn ará rẹ̀ lórí àga gígùn, ọ̀kan nínú wọn gbé èjìká sókè pé òun náà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ajùkò ju apá mẹ́fà eré náà tán, ọ̀kan péré ló tún rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá. Nígbà tó ń jáde kúrò, kóòṣì fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án lẹ́yìn.

Oníhọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ pè. "O rí i! Orí ẹ̀gbọ́n ẹ pé, orí ìwọ náà pé! Ọjọ́ Ẹtì máa gbóná. Gbì nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́ o, mo ti sọ fún wọn."

"Mi ò ní ṣe gbì, ọ̀gá."

"Kí lo máa wá ṣe fún ẹgbẹ̀rún èèyàn? Ṣé wàá wò wọ́n lójú ni?"

"Mo ní àwọn nǹkan mìíràn tí mo lè sọ."

"Wọn ò fẹ́ nǹkan mìíràn. Tó ò bá ní ṣe é, mo máa mú ẹlòmíì lọ."

"Ẹ mú ẹlòmíì lọ, sà."

Ó ń wo ojú fóònù títí ìpè kejì fi wọlé. Ajùkò ni. Ó ti wẹ̀, wọ́n ti fi òwú funfun lẹ abẹ́ etí rẹ̀. Ìyá wọn gba fóònù lọ́wọ́ Pòṣónú kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́ létí? Ó dùn ọ́?"

"Kò dùn mí rárá, Màámi. Ó kàn ha mí ni. Wọ́n ní kí n dúró fún ọdún mìíràn, mo ti fọwọ́ sí ìwé."

"Ṣé tẹ́lẹ̀, wọn ò fẹ́ kó o dúró ni?"

"Wọ́n fẹ́ o. Ìwé lásán ni."

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun yó, Màámi."

Ìyá wọn wo gògóńgò ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó láti ọjọ́ tó ti ń jẹ ṣúgà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó dá fóònù padà, ó lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń kọrin sábẹ́ eyín.

Pòṣónú gbé fóònù lọ sójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé inú ń bí yín sí mi?"

"Inú kẹ̀? Rárá o. Ó ti tán. Ìwọ náà lo tún un ṣe, àbí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ìmọ́lẹ̀ yàrá rẹ̀ lọ́hùn-ún mọ́ rekete, ọrùn rẹ̀ hàn kedere, láti abẹ́ àgbọ̀n dé ibi tí ẹ̀wù ti bẹ̀rẹ̀. Pòṣónú gbé fóònù sún mọ́ ojú. Kò sí ohun tó mì níbẹ̀.

"Kí lò ń wò?" Ajùkò béèrè.

"Ẹ̀yin ni mò ń wò. Ṣé lóòótọ́ ni pé inú ò bí yín?"

"Mo ní rárá."

Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ajùkò fún un ní ìdáhùn kan náà, pẹ̀lú ọrùn kan náà.